Iṣẹ́ Tí Ìlà Góòlù Ń Ṣe

Orúkọ mi ni Jethro Ọlánípẹ̀kun, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì ní ilé ẹ̀kọ́ girama aládàáni kan ní Sùúrùlérè. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí ṣáájú, torí bí mo bá ṣe ń sọ ìtàn yìí lọ, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé iṣẹ́ mìíràn ni mò ń ṣe. Físíìsì ni. Mo gboyè nínú rẹ̀. Fọ́tò ọjọ́ tí mo gboyè wà lára ògiri yàrá mi ní Ìwáyà, nínú férémù. Èmi nìkan ni mo sì máa ń wò ó, torí n kì í gbàlejò púpọ̀.

Ohun tí fọ́tò yẹn ò sọ ni pé nínú gbogbo ọdún tí mo fi wà ní yunifásítì, bóyá ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo fọwọ́ kan mítà tí wọ́n fi ń wọn iná. Ẹlẹ́ni mẹ́fà mẹ́fà la máa ń ṣiṣẹ́ nínú láàbù. Ẹnì kan á mú mítà, ẹnì kan á so wáyà, èmi ni n ó kọ̀wé, nítorí pé ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára. Mo máa ń kọ ìdáhùn sílẹ̀ kí wọ́n tó tan iná sí i rárá. Mo ti mọ ohun tó yẹ kó jẹ́. Kí ni mo tún fẹ́ dúró dè?

Bí mo ṣe dé Sùúrùlérè nìyẹn ní ọdún méjì sẹ́yìn, pẹ̀lú kóòtù funfun tí mo fi owó ara mi rà, tí ẹnikẹ́ni ò ní kí n máa wọ̀. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn ọmọ fi sọ mí lórúkọ: Ọ̀gbẹ́ni Gẹ́ẹ́. Ó jẹ́ nítorí pé gbogbo ọ̀rọ̀ mi ló máa ń parí sí gẹ́ẹ́. Agogo mẹ́jọ gẹ́ẹ́. Ojú ìwé méjì gẹ́ẹ́. Mo gbọ́ orúkọ náà láti ẹ̀yìn fèrèsé lọ́jọ́ kan, inú mi sì dùn. Mo rò pé wọ́n ń yìn mí ni.

Ní tẹ́ẹ̀mù kejì ọdún yìí, a kan rẹsísítọ̀. Fún ẹni tí kò bá rí i rí, nǹkan kékeré kan ni, kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju hóró ìrẹsì lọ, ó ní ẹsẹ̀ wáyà lọ́tùn-ún àti lósì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dín iná tó ń gba inú wáyà kọjá kù. Ó kéré jù láti kọ nọ́ńbà sí lára, nítorí náà ìlà aláwọ̀ mẹ́rin ni wọ́n fi yí i ká, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní ohun tó ń sọ. Èyí tí mo kó wá fún kíláàsì ní ìlà búráùn, ìlà dúdú, ìlà pupa, àti ìlà góòlù. Búráùn ni ení. Dúdú ni òdo. Pupa ní kí a fi òdo méjì sí i. Ó di ẹgbẹ̀rún kan óòmù, ìyẹn ìwọ̀n tí a fi ń mọ bó ṣe ń dín iná kù tó. Mo kọ ọ́ sójú pátákó, mo fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀, mo wá ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú márùn-ún, kó fi mítà wọ̀n wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó sì kọ ohun tó bá rí.

Ọmọbìnrin kan wà lẹ́bàá fèrèsé, Motúnráyọ̀ lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó nawọ́ sókè.

“Sà, kí ni ìlà góòlù tó kẹ́yìn yẹn ń ṣe?”

Mi ò mọ̀. Ǹ bá sì sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni, kò lè gbà ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo tún ọrùn kóòtù mi ṣe, mo ní, “Ẹ̀ṣọ́ ni. Wọ́n fi síbẹ̀ kí ẹ lè mọ ibi tó parí sí.”

Àwọn mẹ́tàlélógún ló kọ ọ́ sínú ìwé. Mo rí bírò wọn tó ń lọ lórí ìwé. Góòlù: ẹ̀ṣọ́.

Nígbà tí mo ń máàkì, ọmọ méjìlélógún ló kọ 1000 ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó gún régé. Mo fún wọn ní ogún nínú ogún. Mo wá kan ti Motúnráyọ̀. Ó kọ 972. Ó kọ 1013. Ó tún kọ 988, 961 àti 1024. Mo wo ìwé náà títí. Àánú rẹ̀ ṣe mí díẹ̀. Mo fún un ní mẹ́rin: méjì torí pé ó kọ orúkọ rẹ̀ dáadáa, méjì torí pé ó fi rúlà fa tábìlì. Mo fi bírò pupa kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, “O kò mọ mítà kà.”

Bí mo bá dúró síbẹ̀, ì bá sàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń dá ìwé padà, mo ní kó dìde, kó ka ohun tó kọ sétí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó kà á. Kíláàsì rẹ́rìn-ín.

“Nínú márùn-ún, o ò gba ẹyọ kan?”

“Sà, ohun tí mo rí lójú mítà ni mo kọ.”

“Báwo wá ni ti Muadh ṣe jẹ́ ẹgbẹ̀rún?”

Ó bojú wo Muadh, tó jókòó níwájú rẹ̀. Muadh ń wo òrùlé.

“Mi ò mọ ti Muadh, Sà.”

Mo wá sọ̀rọ̀ kan tó dùn mọ́ mi nínú gan-an. Mo ní, “Ohun tó fi onísáyẹ́ǹsì yàtọ̀ sí ẹni tó kàn ń fọwọ́ kan nǹkan ni pé onísáyẹ́ǹsì máa ń fara balẹ̀.” Kí n tó dé Ìwáyà lọ́jọ́ náà, mo ti gbé e sórí sítátọ́ọ̀sì Wọ́sáàpù mi. Èèyàn mẹ́rìnlá ló rí i. Ìyá mi wà lára wọn, ó fi àwòrán ọwọ́ tó ń pàtẹ́wọ́ ránṣẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Motúnráyọ̀ kúrò ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì, ó lọ sí ti àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ okòwò. Mo pàdé rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìwé tuntun lápá. Ó kí mi, mo dá a lóhùn. Mo sọ fún àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi pé físíìsì kì í ṣe fún gbogbo èèyàn. Mi ò parọ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá wí ni mi ò tíì mọ̀.

Ní tẹ́ẹ̀mù kẹta, wọ́n sọ fún wa pé àwọn kan ń bọ̀ wá wo láàbù wa. Púpọ̀ nínú rẹsísítọ̀ tó wà nílẹ̀ ti sọnù, ẹsẹ̀ èyí tó kù ti ṣẹ́. Mo bá lọ sí Ojú Ẹlẹ́gbà, sí ṣọ́ọ̀bù tóóró kan ní àdúgbò ẹ̀yìn títì, níbi tí obìnrin àgbà kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Àǹtí Gertrude ti ń ta ẹ̀yà ara rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Mo ra ọgọ́ta rẹsísítọ̀, gbogbo wọn búráùn, dúdú, pupa, góòlù.

Mo fẹ́ kí àwọn àlejò wa rí i pé ilé ẹ̀kọ́ wa kì í ṣeré. Mo pinnu pé èmi fúnra mi ni n ó wọn gbogbo ọgọ́ta náà, kí n lè lẹ ìwé mọ́ páálí wọn pé a ti yẹ̀ wọ́n wò. Mo gbé mítà ilé ẹ̀kọ́ lọ sílé. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ 983. Mo pààrọ̀ bátìrì. Èkejì jẹ́ 1017. Mo fi síńgílẹ́ẹ̀tì mi nu ẹnu wáyà mítà. Ẹ̀kẹta jẹ́ 969.

Olóye èèyàn á ti dúró níbẹ̀, á rántí ẹnì kan. Èmi ò rántí ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo wọ̀n dé ìkẹwàá, gbogbo rẹ̀ ti yé mi: obìnrin yẹn ti ta ayédèrú fún mi. Mo wọ̀n wọ́n tán. Nínú ọgọ́ta, ẹyọ kan ṣoṣo ló jẹ́ 1000 gẹ́ẹ́. Mo mú un, mo fi òwú wé e, mo tọ́jú rẹ̀ sínú páálí ìṣáná. Ojúlówó kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ nìyẹn.

Mo to gbogbo nọ́ńbà náà sínú tábìlì, mo ní kí wọ́n bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde ní aláwọ̀ mèremère. Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé, mo ki ṣẹ́ẹ̀tì bọ ṣòkòtò, mo padà sí Ojú Ẹlẹ́gbà.

Àǹtí Gertrude jókòó láàárín àwọn dúrọ́ọ̀ kékeré, ó fi okùn so gíláàsì ojú rẹ̀ kọ́rùn. Ọkùnrin méjì tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ń ṣa ọjà lọ́wọ́.

“Ẹ kú àárọ̀, mà. Mo wá dá ọjà yín padà.”

“Ẹ kú àárọ̀. Kí ló ṣe é?”

“Ayédèrú ni.” Mo sọ ọ́ sókè dáadáa, kí àwọn ọkùnrin méjèèjì lè gbọ́, kí wọ́n lè gba ara wọn là.

Inú ò bí i. Ó gba ìwé tí mo tẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó gbé gíláàsì sójú, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìkánjú.

“Ẹ̀yin lẹ wọn gbogbo èyí?”

“Èmi ni.”

“Ẹ kú iṣẹ́. Ó mọ́ tónítóní.” Ó fa àpótí kan síwájú. “Ẹ jókòó. Iṣẹ́ kí lẹ ń ṣe?”

“Olùkọ́ ni mí, mà.”

“Kí lẹ ń kọ́ wọn?”

Títí di òní, mo ṣì ń wá ohun tí ǹ bá sọ. Ǹ bá sọ pé Bíbélì. Ǹ bá sọ pé eré ìdárayá.

“Físíìsì,” mo wí.

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà wúkọ́. Ìkejì kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Láti ìgbà náà lọ, Àǹtí Gertrude ò pè mí ní ẹ̀yin mọ́.

Ó mú ọ̀kan nínú àwọn rẹsísítọ̀ náà, ó fi lé mi lọ́wọ́. “Ka àwọ̀ rẹ̀ fún mi.”

“Búráùn, dúdú, pupa. Ẹgbẹ̀rún.”

“Ó ku ọ̀kan.”

“Góòlù.”

“Kí ni góòlù wí?”

Mo rí bírò mẹ́tàlélógún lójú ọkàn mi. “Mi ò mọ̀, mà.” Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa sọ bẹ́ẹ̀ láti ọdún méjì nìyẹn. Ẹnu mi ò sì wọ́.

Ó sọ fún mi pé nígbà tí òun wà lọ́mọge, òun ṣiṣẹ́ ọdún mọ́kànlá ní ilé iṣẹ́ kan tó ń to rédíò, pé òun àti obìnrin méje mìíràn ló máa ń ṣa rẹsísítọ̀ látàárọ̀ dalẹ́. “Ẹ̀rọ tó ń ṣe wọ́n ò lè ṣe wọ́n kí wọ́n dọ́gba délẹ̀,” ó wí. “Ṣé gbogbo búrẹ́dì tó bá jáde nínú ààrò kan náà ló máa ń wúwo bákan náà?”

“Rárá, mà.”

“Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe é mọ ibi tí ìyàtọ̀ rẹ̀ ò gbọdọ̀ kọjá. Ibẹ̀ ni ìlà ìkẹyìn ń tọ́ka sí. Tọ́lẹ́ráǹsì là ń pè é. Góòlù túmọ̀ sí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, yálà ó lọ sókè tàbí ó wá sílẹ̀. Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún jẹ́ mélòó?”

Ó ya páálí kan, ó fún mi ní pẹ́ńsùlù. Mo pín ẹgbẹ̀rún sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, ó di mẹ́wàá. Mo sọ ọ́ di ìlọ́po márùn-ún. “Àádọ́ta, mà.”

“Yọ ọ́ kúrò.”

“950.”

“Fi kún un.”

“1050.”

“Ó dáa. Èyíkéyìí tó bá wà láàárín méjèèjì, ojúlówó ni. Wàyí o, gba ìwé aláwọ̀ mèremère rẹ yìí, kí o mú àwọn ayédèrú inú rẹ̀ jáde fún mi.”

Mo wá a. 983, ó wà láàárín. 1017, ó wà láàárín. 969, ó wà láàárín. Ara mi ń gbóná bí mo ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Ní nọ́ńbà ìkẹtàdínláàádọ́ta, mo rí 941. Ẹ ò lè mọ bí inú mi ṣe dùn tó.

“Èyí nìyí, mà.”

Ó fi mítà tirẹ̀ wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ 942, torí pé àwọn mítà pẹ̀lú ní ìyàtọ̀ tiwọn. “O jàre,” ó wí. “Ẹ̀tọ́ rẹ ni.” Ó mú òmíràn, ó wọ̀n ọ́n lójú mi, ó jẹ́ 1008, ó sì fún mi. Ẹyọ kan nínú ọgọ́ta. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tó jàre ní kóòtù.

Mo wá yọ páálí ìṣáná láti inú àpò. “Èyí tó jẹ́ ẹgbẹ̀rún gẹ́ẹ́ yìí ńkọ́, mà?”

Ó wo òwú tí mo fi wé e. “Ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni,” ó wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá ń bá ẹni tí ara rẹ̀ ò yá sọ̀rọ̀.

Ó ṣàlàyé ìyókù fún mi. Bí ìlà ìkẹyìn bá jẹ́ fàdákà, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni. Bó bá jẹ́ búráùn, ìdá kan péré. Iná tọ́ọ̀ṣì ò bìkítà bóyá rẹsísítọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ 960 tàbí 1040, ó máa tàn. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo bí ọkàn aláìsàn ṣe ń lù, ìyẹn bìkítà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ra oníbúráùn fún un.

“Ta ló tiẹ̀ sọ fún ọ pé ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún gẹ́ẹ́?”

“Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, mà. Èmi ni mò ń sọ fún àwọn ẹlòmíràn.”

Ó bọ́ gíláàsì kúrò lójú. “Nínú gbogbo àwọn ọmọ yẹn, kò sí èyí tó sọ fún ọ pé kò rí bẹ́ẹ̀?”

Ìgbà náà ni mo rántí Motúnráyọ̀.

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn láti Ojú Ẹlẹ́gbà dé Ìwáyà. Mo fa páálí ìwé iṣẹ́ tẹ́ẹ̀mù kejì, tí mo gbà padà lọ́wọ́ àwọn ọmọ lẹ́yìn tí wọ́n fi han òbí wọn, jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo wá iṣẹ́ rẹ̀ kàn. Márààrún ló wà láàárín 950 àti 1050. Mo wá wo ti àwọn tó kù. Mo rántí pé Muadh wá bá mi lọ́jọ́ náà pé ọ̀kan nínú rẹsísítọ̀ òun yí wọ abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, pé òun ò rí i mú. Síbẹ̀ ó kọ 1000 fún ìyẹn náà. Mo sì fún un ní ogún.

Ní ọjọ́ Ajé, mo lọ bá ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ wa, Ìyáàfin Ọmọ́ṣaléwá, ní ọ́fíìsì rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ rò pé òótọ́ ni mo gbé lọ síbẹ̀. Rárá.

“Mà,” mo wí, “àwọn tó ń ṣe ìdánwò ti yí bí wọ́n ṣe ń ka rẹsísítọ̀ padà. Ó yẹ kí a tún máàkì àwọn ọmọ kan wò.”

Ó ń fọwọ́ sí ìwé lọ́wọ́. “Ìgbà wo ni wọ́n yí i padà?”

“Kò tíì pẹ́, mà.”

“Lẹ́tà wọn dà?”

Mo gbójú sókè wo fáànù. Fáànù ò ràn mí lọ́wọ́. “Kò sí lẹ́tà, mà. Èmi ni mo ṣì wọ́n kọ́.”

Ó gbé bírò sílẹ̀. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, tòun ti bí mo ṣe lọ pariwo ní ṣọ́ọ̀bù. Páálí ìṣáná nìkan ni mo fò. Kò rẹ́rìn-ín. Ì bá sàn kó rẹ́rìn-ín.

“Máàkì ò le láti tún ṣe,” ó wí. “Ọmọ tó kúrò ní kíláàsì yín ńkọ́? Ìyá rẹ̀ ló fọwọ́ sí i kó kúrò. Ẹ lọ bá ìyá rẹ̀. Ẹ má fi fóònù ṣe é. Ẹ fẹsẹ̀ yín lọ.”

Nọ́ọ̀sì ni ìyá Motúnráyọ̀, Christianah lorúkọ rẹ̀, Ìdí-Àràbà sì ni wọ́n ń gbé, ní àjà kejì ilé kan tí àwọn òṣìṣẹ́ ọsibítù pọ̀ sí. Mo débẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, kò tíì bọ́ aṣọ funfun rẹ̀. Ó fún mi lómi. Mo jókòó sí etí àga, mo ṣàlàyé, mo fi iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ hàn án, mo fi páálí tí mo ṣe ìṣirò sí hàn án. Ó ka méjèèjì fínnífínní.

“Tíṣà,” ó wí, “ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé yìí fún yín. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ yìí, Motúnráyọ̀ dé, ó ní gbogbo èèyàn ló ń kọ ẹgbẹ̀rún, àmọ́ tòun ò jẹ́ ẹgbẹ̀rún. Ó bi mí bóyá kí òun bẹ̀ yín láàárọ̀ ọjọ́ kejì kí òun lè yí i padà. Mo ní rárá. Mo ní bí mo bá wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, tí nọ́ńbà tó jáde ò dáa, n kì í kọ èyí tó máa dùn mọ́ dókítà nínú. Ohun tí mo rí ni mò ń kọ. Mo ní kó fi tirẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.” Ó ká ìwé náà. “Ẹ wá fún un ní mẹ́rin.”

Ó nà án padà sí mi.

“Lọ́jọ́ tó gbé mẹ́rin yẹn wálé, ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mo tan òun.”

Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú. Mo tiẹ̀ ti ronú ohun tí n ó fi dá a lóhùn bó bá bú mi. Mi ò múra sílẹ̀ fún èyí. Mo gbé ife omi sílẹ̀.

“Òótọ́ lẹ sọ fún un, mà,” mo wí. “Èmi ni mi ò mọ iṣẹ́ mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú.”

Ó pe Motúnráyọ̀. Ó jáde wá, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Mo fún un ní páálí náà. Ó ń mi ètè bó ṣe ń ka ìṣirò inú rẹ̀.

“961 ló kéré jù nínú tèmi,” ó wí. “Ó fi mọ́kànlá ju 950 lọ.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Góòlù kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ nìyẹn.”

“Kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Mo ṣẹ̀ ọ́, Motúnráyọ̀. Mo fi ọ́ ṣẹ̀sín níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ lórí ohun tí ìwọ mọ̀ tí èmi ò mọ̀.”

“Ṣé ẹ máa sọ ọ́ ní kíláàsì, Sà? Bí ẹ ṣe sọ ọ́ yìí?”

“N ó sọ ọ́.”

“Mi ò ní wá gbọ́ ọ o. Àwọn ni kí wọ́n gbọ́ ọ.”

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, mo ní kí kíláàsì ṣí ìwé síbi tí wọ́n ti kọ góòlù: ẹ̀ṣọ́, kí wọ́n fagi lé e. Mo sọ ìdí rẹ̀. Mo sọ ti Motúnráyọ̀, mo sọ ti ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé olùkọ́ kíláàsì kejì wá yọjú. Ẹnì kan sọ láti ẹ̀yìn pé, “Ọ̀gbẹ́ni Gẹ́ẹ́,” kò tiẹ̀ rọra sọ ọ́. Ọjọ́ náà ló yé mi pé wọn ò fi orúkọ yẹn yìn mí rí.

Mo wá ní mo ti fagi lé gbogbo ogún nínú ogún. Ẹ̀rín dúró. Muadh nawọ́ sókè.

“Sà, ohun tí ẹ fẹ́ la kọ fún yín.”

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. “Òótọ́ lo sọ,” mo wí. “Ohun tí mo fẹ́ lẹ kọ. A máa tún un ṣe.”

A tún un ṣe. Mo ń lọ láti tábìlì dé tábìlì, ẹnu mi sì dákẹ́. Muadh pè mí, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó fẹ́ jẹ́wọ́ olè. “Sà, 958 ni eléyìí o.”

“Kọ ọ́,” mo wí.

Máàkì tuntun tí mo fún Motúnráyọ̀ jẹ́ méjìdínlógún, torí pé ó gbàgbé láti kọ óòmù sẹ́yìn nọ́ńbà méjì. Ìyá rẹ̀ pè mí lórí fóònù nítorí méjì yẹn. Mo ṣàlàyé. Ó ní ó dáa. Ọmọ náà ò padà wá o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, mo ń rí i ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń kí mi, ó ń lọ sí kíláàsì okòwò rẹ̀. Mo gbà pé bó ṣe máa parí nìyẹn, pé àwọn nǹkan kan wà tí èèyàn ò lè fi bírò pupa tún ṣe. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, bí mo ṣe ń nu pátákó, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń wọ́ àga. Mo yíjú padà, ó ti jókòó lẹ́bàá fèrèsé. Ó ń ṣí ìwé rẹ̀. Èmi ń nu pátákó mi lọ, mo nu ibi tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Àbá Ìyáàfin Ọmọ́ṣaléwá ni pé kí a pe Àǹtí Gertrude wá kọ́ àwọn ọmọ lọ́jọ́ kan. Ó wá ní Ọjọ́bọ̀ tó kángun sí òpin tẹ́ẹ̀mù, pẹ̀lú báàgì tó kún fún rẹsísítọ̀ àti rédíò kan tó ti tú palẹ̀. Mo jókòó lẹ́yìn láàárín àwọn ọmọ, lórí àga tó kéré jù fún mi, orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀. Wọn ò fẹ́ràn mi bẹ́ẹ̀ rí.

Ó gbé rẹsísítọ̀ méjì sókè, ó lọ́ ẹsẹ̀ ìdí ọ̀kan mọ́ ẹsẹ̀ orí ìkejì kí wọ́n lè tẹ̀ léra. “Ẹgbẹ̀rún nìyí, ẹgbẹ̀rún nìyí, góòlù ni méjèèjì. Àpapọ̀ wọn jẹ́ ẹgbẹ̀rún méjì. Láti ibo dé ibo ló lè jẹ́?”

Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ lọ sókè. Mi ò tiẹ̀ dúró kó pè mí. “Láti 1950 dé 2050, mà.”

Ó wò mí láti òkè gíláàsì rẹ̀. “Ta ló ní ìdáhùn mìíràn?”

“1900 dé 2100, mà,” Motúnráyọ̀ wí. “Méjèèjì lè kéré papọ̀, méjèèjì sì lè pọ̀ papọ̀. Àádọ́ta ti àkọ́kọ́, àádọ́ta ti ìkejì, ó di ọgọ́rùn-ún.”

“Ó gbà á.” Àǹtí Gertrude tún yíjú sí mi. Nítorí àwọn ọmọ, ó tún pè mí ní ẹ̀yin. “Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, Tíṣà.”

Mo yá bírò lọ́wọ́ Muadh, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo kọ ọ́. Ó na ọrùn wo ìwé mi.

“Sà,” ó wí, “òdo kan ṣì kù.”

Mo fi òdo náà sí i.